Nígbà Tí Fọ́tò Ń Gba Ọ̀sẹ̀ Kan Kó Tó Jáde

Bí wọ́n bá ti kírun Iléyá tán ní Yídì, ẹran àgbò kọ́ ni àwọn ọmọdé Ẹdẹ kọ́kọ́ ń sáré lọ bá. Ilé onífọ́tò ni. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990 ni à ń sọ yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí aṣọ tuntun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, tí òbí kò sì ní fẹ́ kí aṣọ náà fara kan ẹrẹ̀ kí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ pé òun rà á. Wọ́n á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ̀gbọ́n tàbúrò, pẹ̀lú dígí ojú onírọ́bà, aago ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, àti bàtà tí wọ́n rà ní nọ́ńbà tó ju ẹsẹ̀ lọ kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ dé ọdún tó ń bọ̀. Onífọ́tò á to àwọn gíga sẹ́yìn, á to àwọn kúkúrú síwájú, á fi ìka kan gbé àgbọ̀n ẹni tó bá doríkodò sókè. "Ẹ má mira o! Ẹ má ṣẹ́jú!" Ẹni tó bá ṣẹ́jú ti ba ti gbogbo ilé jẹ́, torí fíìmù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí gbogbo ọmọ ń bi í: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la máa rí i?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà. Ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀sẹ̀ bá sì pé, á ní kí wọ́n padà wá lọ́túnla, kẹ́míkà ló tán, tàbí NEPA ló mú iná lọ. Kí fọ́tò ọdún tó dọ́wọ́ àwọn ọmọ, ìtàn ni ẹran ọdún ti dà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni onífọ́tò ń purọ́. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò nígbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní 120, kì í sábà gbà ju fọ́tò méjìlá lọ nínú kámẹ́rà oníhò méjì tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sí onífọ́tò tó mọ ìṣirò tó máa gé fíìmù tó ku ihò márùn-ún sọnù. Oníbàárà tó bá dé ní àsìkò tí ọjà kù díẹ̀ káàtó á máa dúró de ìkómọ ẹlòmíì kí fíìmù lè kún. Nígbà tó bá kún, iṣẹ́ á kó wọ yàrá òkùnkùn, níbi tí gílóòbù pupa kan ṣoṣo ti ń tàn, tí abọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì: ti kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde, ti omi, àti ti háípò tí kì í jẹ́ kó parẹ́. Wọ́n á ṣan án, wọ́n á sá a sórí okùn, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan gé etí rẹ̀ wájawàja. Níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí àtùpà ni wọ́n fi ń tẹ nẹ́gétíìfù sórí bébà. Òórùn háípò kì í kúrò lára ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ títí tó fi máa gba fíríìdọ̀mù.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni ìran gidi wà. Aṣọ ńlá kan á rọ̀ sára ògiri tí wọ́n ti ya òdòdó, àtẹ̀gùn ilé alájà, ọkọ̀ òfuurufú tàbí ìlú kan tó jọ pé ó wà ní òkè òkun sí. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà á wà nílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, dígí, òòyà, páúdà, àti kóòtù kan pẹ̀lú táì tó ti wà lọ́rùn ìdajì àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò. Ẹni tí kò ní rédíò á ya fọ́tò pẹ̀lú rédíò. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan tẹlifóònù rí á gbé e sétí, á máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ìròyìn láti Ìbàdàn. Àwọn ará Ẹdẹ kò ka èyí sí irọ́. Wọ́n gbà pé ohun tó ń bọ̀ ni wọ́n ń yà sílẹ̀ kó tó dé, àdúrà ni.

Èkó ni iṣẹ́ yìí ti tàn wá sí òkè. Láti àwọn ọdún 1890 ni àwọn ènìyàn dúdú bíi Neils Walwin Holm àti George da Costa ti ń ya fọ́tò fún owó ní Èkó. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ẹdẹ kọjá. Ọ̀nà kan náà tí iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó ń gbà wọ ìlú ni fíìmù àti bébà náà rí gbà. Àwọn ọmọ Ẹdẹ tó rìnrìn àjò náà ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ, wọ́n sì ń fi í darí wálé, fọ́tò kan á sì wà lápò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn Yorùbá ti ń jókòó fún fọ́tò, kó wo iṣẹ́ Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó lọ ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ìlá kò jìnnà sí Ẹdẹ, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti ṣí álíbọ́ọ̀mù bàbá rẹ̀ rí. Àgbàlagbà á jókòó, ojú rẹ̀ á kọ iwájú gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà síra, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí itan, agbádá á tẹ́ gbòòrò títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo bébà. Sprague rí i pé ìjókòó yìí bá ti ère àwọn agbẹ́gilére mu. Àwọn onífọ́tò kò kọ́ ọ nínú ìwé. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ oníbàárà sílẹ̀ níta fọ́tò, ó lè ní òun kò sanwó: ta ni yóò gbà pé òun ní bàtà?

Ohun tó jọni lójú jù nínú ohun tí Sprague kọ ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú kí wọ́n tó ya méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà kan bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ náà á kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ ti èkejì fún un. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì mọ́ ni èyí bọ́ sí lọ́wọ́ jù lọ. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Ẹdẹ ti ní ọba Mùsùlùmí, Tìmì Habibu Lagunju, èrò yìí kò sì lè ṣòro fún irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà dáadáa á rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ọmọ méjì náà. Ìyá wọn kò wo ìlà.

Nítorí ẹ̀sìn Mùsùlùmí yìí náà, àwọn ààfáà kan máa ń wàásù pé àwòrán yíyà kò dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà láìní pásípọ́ọ̀tù, kò sì sí pásípọ́ọ̀tù tí kò ní fọ́tò. Bí Alhaji bá sì ti dé, onífọ́tò ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tó máa kí i. Fọ́tò tó fi jálàbíà, láwàní àti tẹ̀sùbáà yà ló máa bọ́ sí àárín ògiri pálọ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ á sì sún fún un.

Pálọ̀ yìí ni ibi tí wọ́n ti ń pín fọ́tò wò. Àlejò á wọlé, wọ́n á fún un lómi, bí onílé bá sì ní iṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn, á gbé álíbọ́ọ̀mù lé e lọ́wọ́. Ọmọ ilé kan á jókòó tì í, á máa ṣàlàyé: "Bọ̀dá wa tó wà ní Kàdúná nìyí. Ìyá tó ni ilé yẹn nìyí, wọ́n ti kú. Èyí? Mi ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ Dádì ni." Gbogbo ìtàn ẹbí á gba ẹnu ọmọ náà jáde, títí kan èyí tí àwọn àgbà kò fẹ́ kó sọ. Álíbọ́ọ̀mù sì ní olè tirẹ̀. Ojú ewé kan á wà tó jẹ́ pé igun mẹ́rin tí wọ́n fi lẹ fọ́tò mọ́ ọn nìkan ló kù níbẹ̀, onílé á sì máa ro ẹni tó wá kí i kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìfẹ́ ló fà á.

Èyí tí wọn kò bá jí, wọ́n á fi ránṣẹ́. Àwọn ará agbègbè Ọ̀ṣun ti fọ́n káàkiri fún òwò tipẹ́tipẹ́: àwọn kan ní Gánà, àwọn Ẹ̀jìgbò tó múlé gbe Ẹdẹ ní Abidjan. Fọ́tò á wà nínú àpòòwé pẹ̀lú lẹ́tà tí akọ̀wé kan bá wọn kọ. Ẹ̀yìn fọ́tò ni ọ̀rọ̀ pàtàkì ń wà, ọjọ́ tí wọ́n yà á, orúkọ ọmọ tuntun, àti òǹtẹ̀ onífọ́tò. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn odi fi ń fẹ́ ìyàwó láti ilé. Ẹbí á fi fọ́tò ọmọbìnrin ránṣẹ́, ọkùnrin náà á dá tirẹ̀ padà, ìyàwó á sì dé ọ̀hún kó tó mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ọkọ òun ya fọ́tò náà, pé irun orí yẹn ti lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá ló padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣe é rù, ilé kò ṣe é gbé, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í wúwo. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tí òǹtẹ̀ Kumasi tàbí Accra wà lẹ́yìn rẹ̀ fi wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ èdè Twi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti álímánáákì, nítorí ohun tí Facebook wá ń ṣe lónìí, àwọn ẹgbẹ́ ti ń fi bébà kan ṣoṣo ṣe é. Ní ìparí ọdún, gbogbo ẹgbẹ́ tó bá mọ ara rẹ̀ níyì, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àdínì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń gbé ní Èkó, á kó fọ́tò pélébé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Fọ́tò Tìmì á wà lókè, ti alága àti akápò á tẹ̀ lé e ní ńlá, ti àwọn yòókù á tò sísàlẹ̀ ní ìlà bíi ọkà àgbàdo, orúkọ oníkálukú lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí fọ́tò ẹnì kan wà kò kéré. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní ilé onígbàjámọ̀, ní ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ bí ọdún bá parí. Ẹni tó kú ní oṣù kẹta ṣì ń wo àwọn èèyàn láti orí ògiri fún ọdún márùn-ún.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni ìwé Atọ́ka gbòde. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ló ti ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré Yorùbá, fọ́tò kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sì wà lára rẹ̀. Òṣogbo tó wà nítòsí ni ibùdó àwọn òṣèré bíi Dúró Ládípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ sì mọ̀ pé Tìmì àkọ́kọ́, Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, wà nínú eré Ládípọ̀, Ọba Kò So. Ìwé kan á gba ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kó tó ya. Àwọn ọmọ ilé ìwé á wá lọ sí ilé onífọ́tò, wọ́n á ní kó ya àwọn bí òṣèré ṣe dúró nínú Atọ́ka.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì nínú gbogbo èyí tí àwọn tó ń yin ayé àtijọ́ kì í fẹ́ rò. Onífọ́tò kì í ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Ìdí nìyí tí àìlóǹkà fọ́tò ìyàwó, ọmọ tuntun, òkú àgbà àti Alhaji fi wà, tí a kò sì rí fọ́tò ọjà lọ́jọ́ tí kò sí ọdún, ti ọ̀nà Ọ̀ṣun lówùúrọ̀, ti obìnrin tó ń yan gààrí, ti àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú odò. Ta ni yóò san owó fíìmù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìlú ló wọ aṣọ àwọ̀lójú nínú álíbọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò wọ̀nyẹn kọ ìtàn Ẹdẹ á rò pé ìlú náà kò ṣiṣẹ́ rí.

Àlejò ló ya apá kan nínú ohun tó kù. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú Susanne Wenger, ọmọ Ọ́sítríà, láti wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kúrò ní Ìbàdàn wá gbé ní Ẹdẹ. Ibẹ̀ ni Wenger, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, tó mú un wọ inú ẹ̀sìn náà. Ọba tó wà lórí oyè nígbà náà ni Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 di 1975. Ọba onílù ni. Òun fúnra rẹ̀ ń lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Beier ní owó oṣù, ó ní kámẹ́rà, ó sì ní ọ̀rẹ́ láàfin. Ní 1959, Nigeria Magazine tẹ ìwé rẹ̀ A Year of Sacred Festivals in One Yoruba Town jáde. Ẹdẹ ni ìlú tí ìwé náà ń sọ.

Ọdún Ọbàtálá wà lára ohun tó ròyìn. Ajagẹmọ àti àwòrò míì tí wọ́n ń pè ní Olúnwi á dojú kọ ara wọn bí ẹni ń jagun, láìsọ̀rọ̀, ìlù nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Olúnwi á ṣẹ́gun, á mú Ajagẹmọ, wọ́n á gbé e lọ, Tìmì á sì san owó láti rà á padà, ìlú á wá bú sáyọ̀. Bí kò bá jẹ́ ti àlejò tó ní àkókò àti fíìmù láti fi ṣòfò, ojú tí àwọn èèyàn fi wo ọdún náà láàárín àwọn ọdún 1950 ì bá ti bá àwọn tó rí i lọ. Àkójọ iṣẹ́ Beier pín sí méjì lónìí. Apá kan wà ní Iwalewahaus ní Bayreuth, ilé tó dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1981, apá kan sì wà ní Òṣogbo, ní ilé iṣẹ́ àṣà tí wọ́n ń pè ní CBCIU. Ìrìn àjò kúkúrú ni láti Ẹdẹ dé Òṣogbo, síbẹ̀ iye ọmọ Ẹdẹ tó ti lọ wo ojú àwọn bàbá wọn níbẹ̀ kò lè pọ̀.

Nǹkan yí padà nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé. Fíìmù kékeré tó ń gba fọ́tò mẹ́rìndínlógójì rọ́pò oníméjìlá, ilé ìfọfọ́tò onímáṣíìnì sì ṣí ní àwọn ìlú ńlá. Onífọ́tò kò nílò yàrá òkùnkùn mọ́. Á ya fíìmù, á wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, á sì gbé fọ́tò padà. Gbogbo ènìyàn fẹ́ aláwọ̀, wọ́n fi dúdú-àti-funfun sílẹ̀ fún ìwé ìjọba. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé àwọ̀ yẹn kì í tọ́jọ́. Fàdákà ló gbé àwòrán dúdú-àti-funfun ró, aró lásán ló wà nínú ti aláwọ̀. Èyí ló fà á tí ìyàwó ọdún 1965 fi mọ́ kedere nínú fírémù títí di òní, nígbà tí ìyàwó ọdún 1983 ti pọ́n bí epo.

Àkókò yìí náà ló bí onífọ́tò òde, ẹ̀dá kan tí ó yẹ kí wọ́n kọ ìwé lé lórí. Kò sí ẹni tó pè é. Á wọ inú àríyá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, á ya àwọn àgbà bí wọ́n ti ń ná owó fún onílù, á ya Ìyáàfin tó ń gbé ìyán sẹ́nu, á wá pòórá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé fíìmù lórí ọ̀kadà. Nígbà tí àwọn àlejò bá ń dìde láti lọ, á tún yọ, fọ́tò á ti wà nílẹ̀ lórí rọ́bà tó tẹ́ síwájú gbàgede, gbogbo òde á máa wá ojú ara wọn bí ẹni tó ń wá àbájáde ìdánwò. "Alhaja, ẹ wo bí ẹ ṣe rẹwà! Ẹ mú méjì." Alhaja á ní òun kò ní kó ya òun. Onífọ́tò kò ní jiyàn. Á kàn gbé fọ́tò náà síbi tí àwọn ọ̀rẹ́ Alhaja á ti rí i, ọ̀rọ̀ á sì parí ní kíá. Nígbà tí kámẹ́rà onídíjítà dé, iṣẹ́ yìí kò kú rárá. Wọ́n kàn ń gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò kékeré wá síbi àríyá ni.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni onífọ́tò wéètì-àǹ-gẹ́ẹ̀tì, tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwé, pẹ̀lú kámẹ́rà Polaroid tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Poli Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ ní 1992, tí Yunifásítì Adeleke tẹ̀ lé e ní 2011, tí Yunifásítì Redeemer náà sì kó wá sí ìlú, àwọn wọ̀nyí rí oúnjẹ jẹ. Gbogbo fọ́ọ̀mù ló ń béèrè fọ́tò pélébé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Polaroid dáwọ́ fíìmù dúró ní 2008, Fuji náà sì pa ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tì ní 2016.

Gbogbo èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa sọ nígbà tá a bá ń ṣàárò ayé fíìmù. Oníbàárà ló ni bébà. Onífọ́tò ló ni nẹ́gétíìfù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wà, nínú páálí bàtà tàbí agolo bisikí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí òun nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà míì gbọ́dọ̀ padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré fi di olùtọ́jú ojú ìlú fún ogójì ọdún. Ó mọ ẹni tó fẹ́ ta, ó mọ ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wá gé kúrò nínú fọ́tò. Nígbà tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti di olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì á dé, wọ́n á rí páálí lórí páálí tí ikán ti ń jẹ létí, tí ooru àti ọ̀rinrin ti lẹ̀ pọ̀. Wọ́n fẹ́ fi yàrá náà háyà. Wọ́n á kó o síta.

Kì í ṣe Ẹdẹ nìkan. Ní Èkó, àwọn onífọ́tò àgbà ń sun nẹ́gétíìfù wọn tàbí kí wọ́n jẹ́ kó bàjẹ́, èyí ló fà á tí Karl Ohiri àti Riikka Kassinen fi dá Lagos Studio Archives sílẹ̀ ní 2015 láti gba wọ́n là. Nínú ohun tí wọ́n gbà ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos wà, sítúdíò John Abe àti ìyàwó rẹ̀ Funmilayo, tí wọ́n ya Èkó láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Fọ́tò wọn dé ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2024. Ní ìlú Benin, Solomon Alonge tó jẹ́ ayàwòrán ààfin Ọba ní oríire kan náà: iṣẹ́ rẹ̀ wọ ilé ọnà Smithsonian ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní 2014. Méjì péré nìyẹn nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, bí bàbá àgbà kan bá ń ráhùn pé àwọn ọmọ ìwòyí ń ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò tí wọ́n sì ń sọ gbogbo rẹ̀ nù bí fóònù bá ti já bọ́ sínú omi, ká rántí pé fọ́tò ẹnì kan ni fóònù kan ń gbé lọ. Páálí onífọ́tò kan ń gbé ti odindi àdúgbò lọ.

Fóònù fúnra rẹ̀ kò pẹ́ kó tó gbilẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n dá Facebook sílẹ̀ ní 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 ni Kodak, ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí fíìmù káàkiri ayé, lọ sí kóòtù láti sọ pé gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ Ẹdẹ tó ń pààrọ̀ dípì lórí BlackBerry lásìkò yẹn kò tilẹ̀ gbọ́. Ohun tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ láyé onífọ́tò ti wá di ohun tí gbogbo ayé ń yà: abọ́ oúnjẹ, ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, ìjà ní pápá bọ́ọ̀lù, ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ní ti ìtàn ìlú, èrè gidi lèyí. Nígbà tí ọmọ Ẹdẹ náà, Ademola Adeleke, wọ Sẹ́nétì ní 2017, ijó rẹ̀ lórí fóònù ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn tí kò lè tọ́ka sí Ẹdẹ lórí máàpù mọ̀. Kí wọ́n tó dìbò gómìnà ní oṣù keje ọdún 2022, tó sì wọlé, kò sí igun tí wọn kò ti ya ijó náà dé.

Àwọn onífọ́tò tó kù kò pa ṣọ́ọ̀bù tì. Àwọn kan ń ṣe fírémù, àwọn kan ń ya fídíò ìgbéyàwó, àwọn kan ti ra kámẹ́rà tó ń fò. Iṣẹ́ kan tó tún ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn ni ti fọ́tò àtijọ́. Ọmọ á mú fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, èyí tí omi ti wọ̀ tàbí tí ekú ti jẹ ní igun, pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe fún bébà ètò ìsìnkú. Wọ́n á dí ihò, wọ́n á tún etí gèlè yà, wọ́n á fi ẹ̀yìn aláwọ̀ búlúù sí i. Ojú ìyá á dán ju bó ṣe dán nígbà ayé rẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì máa jiyàn pé ẹlòmíì ni.

Irú àríyànjiyàn yìí ti kó lọ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹnì kan nílé á fi fóònù ya fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù, á fi sí orí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: ọkùnrin márùn-ún, fìlà gọ̀bì márùn-ún, òǹtẹ̀ onífọ́tò kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ilé àtúnṣe fóònù. Wọ́n mọ mẹ́rin. Ẹni kẹta láti apá òsì ni gbogbo wọn ń dù. Àbúrò kan láti Peckham á ní Bọ̀dá Ràfíù ni, ẹ̀gbọ́n kan láti Abidjan á fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, pé irọ́ ni, pé Ràfíù kò ga tó bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n yí fọ́tò náà padà kí wọ́n ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó yà á á sì dá a lóhùn pé gíláàsì fírémù ti lẹ̀ mọ́ ọn, òun kò lè yọ ọ́ láìya ojú àwọn bàbá.